Ta Ni Ó Ni Orin Náà?



Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú yín, àní ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà láàrin àwọn ọmọdé lójoojúmọ́, ti gbọ́ orin Gẹ̀ẹ́sì kan rí tí ó dá lórí kìnnìún tí ó sùn nínú igbó li òru. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n láti inú sinimá The Lion King, tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde li ọdún 1994. Àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ mọ̀ ọ́n láti orí àwo àti láti inú rédíò. Orin náà dùn, ó yá láti há sórí, kò sì sí ohun tí a lè fi bá a wí. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé orin ta ni, ìdáhùn tí yóò tètè jáde li ẹnu wa ni pé orin òyìnbó ni.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ọkùnrin Súlù kan, ọmọ ilé-ìwé àwọn ajíhìnrere, ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní ìlú Johannesburg li ọdún 1939. Solomon Linda ni orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí a jọ ro ọ̀ràn ọkùnrin yìí li oṣù yìí, kì í ṣe nítorí àti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láti òkèèrè, bí kò ṣe nítorí ìbéèrè kan tí ó wà nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sinmi: bí ohun ìní ènìyàn bá lọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a wá olè títí tí a kò rí ẹnìkan pàtó tí a lè nawọ́ sí, ǹjẹ́ a lè wí nígbà náà pé kò sí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè?

A bí Linda li ọdún 1909 ní ẹ̀bá Pomeroy, ní agbègbè Msinga tí ó wà ní ilẹ̀ Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin Súlù, màlúù dídà ni iṣẹ́ ìgbà èwe rẹ̀. Ó lọ sí ilé-ìwé ìjọ tí a ń pè ní Gordon Memorial, níbẹ̀ ni ó sì ti mọ orin ìsìn, tí ó sì rí bí ẹgbẹ́ akọrin ti í pín ohùn láàrin ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú ẹgbẹ́ akọrin rí mọ ohun tí mo ń wí: ọmọ tí ó bá ti gbọ́ bí ohùn ìsàlẹ̀ ti ń gbé ohùn òkè dúró, bí ìpìlẹ̀ ti í gbé ilé dúró, kò lè gbàgbé rẹ̀ mọ́. Orin ìgbéyàwó àti ti àsè tí ó bá nílé, orin ìsìn tí ó kọ́ ní ilé-ìwé, àti orin tuntun tí ń ti Amẹ́ríkà wá, gbogbo rẹ̀ ni ó dà pọ̀ di ọ̀kan nínú rẹ̀.

Li ọdún 1931 ó bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Johannesburg láti wá iṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta àga àti tábìlì, lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní Carlton Hotel. Ẹgbẹ́ akọrin tí ó kọ́kọ́ wọ̀ jẹ́ ti àwọn ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn tú ká li ọdún 1933, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì tún gba orúkọ kan náà, Evening Birds, èyíinì ni Àwọn Ẹyẹ Ìrọ̀lẹ́. Wọ́n a máa wọ kóòtù onílà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n a dé fìlà òyìnbó, wọ́n a sì wọ bàtà aláwọ̀ méjì, nítorí pé ní ìgboro Johannesburg nígbà náà, ojú ni a kọ́kọ́ fi ń gbọ́ orin kí a tó fi etí gbọ́ ọ. Linda fúnra rẹ̀ ni ó ń mú ohùn òkè, ohùn tí ó ga bí ti obìnrin, nígbà tí ju ẹnìkan lọ nínú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń mú ohùn ìsàlẹ̀ kan náà, tí ohùn wọn nípọn lábẹ́ tirẹ̀.

Griffiths Motsieloa, aláwọ̀ dúdú tí ilé-iṣẹ́ Gallo fi ṣe aṣàwárí àwọn akọrin, ni ó mú wọn lọ sí ibi tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n kọ orin tí wọ́n ń pè ní Mbube, tí í ṣe kìnnìún ní èdè Súlù. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, kò dára tó. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ni. Ní ìgbà kẹta, nígbà tí orin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Linda ya kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n jọ ń rìn, ó sì fi ohùn òkè rẹ̀ dárà kan tí a kò pète tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀nba ìró díẹ̀ ni, kò gba ìṣẹ́jú kan. Ìró díẹ̀ náà ni gbogbo ayé ń kọ lónìí.

Àwo náà tà gidigidi. Kí ó tó di ọdún 1950, a ti ta nǹkan bí 100,000 nínú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ orin kan ṣoṣo yìí pe gbogbo orin tí a bá kọ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: mbube. Ní ti Linda, ilé-iṣẹ́ náà fún un ní iṣẹ́ ní ibi tí a ti ń tẹ àwo ní Roodepoort, ó ń di àwo sínú páálí. Fún orin náà fúnra rẹ̀, ó gba ṣílè 10, àbọ̀ pọ́n-ùn kan, ó sì fi ọwọ́ sí ìwé pé gbogbo ẹ̀tọ́ òun lórí rẹ̀ ti di ti Gallo.

Nǹkan bí ọdún 1949, àwọn àwo kan láti Gúúsù Áfíríkà dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Decca ní New York. Decca kò rí èrè kankan nínú wọn, wọn ì bá sì ti dà wọ́n nù bí kò bá ṣe ti Alan Lomax, ẹni tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó orin àwọn mẹ̀kúnnù jọ. Lomax gbé wọn lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Pete Seeger, akọrin tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn òtútù nígbà náà. Seeger gbọ́ Mbube, inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ó gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó sì kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kò gbọ́ Súlù, nítorí náà ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ni ó kọ: Wimoweh. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìtumọ̀ ní èdè kankan lábẹ́ ọ̀run, ṣùgbọ́n òun ni ó di orúkọ orin náà nígbà tí ẹgbẹ́ Seeger, tí a ń pè ní The Weavers, gbé àwo tiwọn jáde li ọdún 1952.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọkàn sí ohun tí a tẹ̀ sára àwo náà. Níbi tí ó yẹ kí orúkọ ẹni tí ó ṣe orin wà, Paul Campbell ni a tẹ̀ síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ń jẹ́ Paul Campbell. Orúkọ àfẹnujẹ́ ni, tí àwọn Weavers àti àwọn tí ń tẹ orin wọn máa ń lò nígbà tí wọ́n bá tún orin àtijọ́ tí kò ní olówó tò. Wọ́n ti gbà li ọkàn wọn pé orin ìbílẹ̀ ni Mbube. Bẹ́ẹ̀ ni, lára àwo tí Seeger gbé lé orí ẹ̀rọ rẹ̀, gbangba ni a tẹ orúkọ Solomon Linda àti Àwọn Ẹyẹ Ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ sí. Ẹni tí kò sí láyé gba orúkọ, ẹni tí ó ń di àwo sínú páálí ní Roodepoort kò gbà á.

Li ọdún 1961, George David Weiss àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ méjì, Hugo Peretti àti Luigi Creatore, tún orin náà gbé yẹ̀ wò. Weiss mú ìró díẹ̀ tí Linda fi dárà ní òpin ìgbà kẹta nì, ó fi í ṣe orí orin, ó sì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí i. Àwọn ọ̀dọ́mọdé tí ń jẹ́ The Tokens kọ ọ́, The Lion Sleeps Tonight, ó sì dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá ọdún náà. Láti ìgbà náà ni kò ti sinmi mọ́, tí àwọn akọrin ilẹ̀ púpọ̀ fi ń gbà á kọ li ọwọ́ ara wọn.

Li ọdún 1962, nígbà tí kò tíì pé ọdún kan tí orin náà gba ipò kìíní, Solomon Linda kú nítorí àrùn kíndìnrín. Láti ọdún 1959 tí ó ti ṣubú lórí pèpéle níbi tí ó ti ń kọrin ni ara rẹ̀ kò ti le mọ́. Opó rẹ̀ kò ní owó tí yóò fi gbé òkúta sórí ibojì rẹ̀. Ọdún 18 kọjá kí òkúta náà tó dé ibẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá olè náà.

Ṣé Gallo ni? Gallo ra orin lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, ó sì ní ìwé. Ṣé Lomax ni? Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, àwo náà ì bá ti wà nínú ihò ìdọ̀tí. Seeger ńkọ́? Seeger wí pé òun ti sọ fún àwọn tí ń tẹ orin kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí Linda, òun tìkara òun sì fi dọ́là 1,000 ránṣẹ́ sí i. Li ọjọ́ ogbó rẹ̀ ó kábàámọ̀ pé òun kò tọpa ọ̀ràn náà dé ìdí. Àwọn ọmọ Tokens kò mọ nǹkan kan. Wọ́n gba iṣẹ́, wọ́n kọrin. Weiss náà gbà pé ohun tí kò ní olówó li òun ń lò. Bí a bá tẹ̀lé orin náà láti ọwọ́ dé ọwọ́, olúkúlùkù ni yóò na ọwọ́ rẹ̀ sí wa láti fi hàn pé ó mọ́. Ṣùgbọ́n ní òpin rẹ̀, nígbà tí Rian Malan, akọ̀ròyìn ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ṣe ìwádìí ọ̀ràn náà tí ó sì gbé e jáde li ọdún 2000, ó ṣírò pé owó tí ó tọ́ sí ẹni tí ó ṣe orin náà lè tó mílíọ̀nù dọ́là 15. Àwọn ọmọbìnrin Linda sì ń gbé ní Soweto nínú àìní.

Mo ti bá àwọn ènìyàn jiyàn lórí èyí, tí wọ́n jẹ́ ènìyàn rere, n ó sì sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi láìbù kù.

Èkíní wí pé: Ó ti tà á. Àgbàlagbà ni, kò sí ẹni tí ó fi ìbọn sí i lọ́rùn. Bí mo bá ta ilẹ̀ mi lónìí tí wọ́n wa wúrà níbẹ̀ lọ́la, èwo ni tèmi níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, n kò sì fẹ́ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí bí títà kò bá jẹ́ títà mọ́, ọjà kò lè ná. Síbẹ̀, gbogbo wa li a mọ̀ pé Ésáù fi ẹnu ara rẹ̀ tà á, a sì ti ń bá Ésáù wí ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi láti ìgbà èwe wa. Mo fẹ́ bi ẹ̀yin olùkọ́ léèrè pé, nígbà wo li ẹ bá Jákọ́bù wí rí fún iye tí ó dá lé ìpẹ̀tẹ̀ rẹ̀? Ebi ń pa ẹni tí ń tà. Ẹni tí ń rà ti yó. Ṣílè 10 lè jẹ́ owó tí ó tọ́ ní ọjọ́ náà, nítorí pé ẹni tí ó rà kò mọ ohun tí orin náà yóò dà, ẹni tí ó tà kò sì mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohun tí ó farasin náà fara hàn, ẹnìkan ṣoṣo nínú àwọn tí kò mọ̀ náà ni ó jẹ èrè àìmọ̀ wọn.

Ẹlòmíràn wí pé kò sí orin tí kì í ṣe àgbà-kọ. Ṣé kì í ṣe pé Linda pẹ̀lú gba ohùn pínpín lọ́wọ́ àwọn ajíhìnrere, tí ó gba ìjó ẹsẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ó sì gba ìyókù lọ́wọ́ àwọn baba rẹ̀? Òtítọ́ ni. Òtítọ́ náà sì ni pé Weiss ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó fi sí i ni ó jẹ́ kí ọmọdé lè kọ ọ́ kí ó sì sùn. N kò kórìíra ẹni tí ó gba orin ẹlòmíràn kọ. Bí a bá ka irú rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, tani nínú wa ni yóò tún ṣí ìwé orin rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi? Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin ẹni tí ó pọn omi nínú odò tí gbogbo ìlú ń pọn, àti ẹni tí ó gbé ìkòkò omi lórí ẹni tí ó ń ti odò bọ̀. Odò ni ohun tí Linda gbà lọ́wọ́ àwọn baba rẹ̀. Ìró díẹ̀ nì, tí ó bẹ́ jáde ní ìgbà kẹta, ìkòkò orí rẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ ẹni ẹ̀mí, wí pé Ọlọ́run ni ó ni gbogbo orin, kò sì yẹ kí Kristẹni máa jà lórí ohun tí a fi fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí a máa yá li ẹnu ẹni tí owó ti dé ọwọ́ rẹ̀ ju li ẹnu ẹni tí kò rí nǹkan gbà lọ. Bí opó Linda ni ó bá sọ ọ́, ẹ̀rí ìgbàgbọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń tẹ orin ní New York ni ó sọ ọ́, kí ni a ó pè é?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, ìbílẹ̀. Òun ni mo gbà pé ó ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ wò ó dáadáa: nígbà tí òyìnbó kan bá ṣe orin, orin lágbájá ni, nígbà tí Súlù kan bá ṣe orin, orin àwọn Súlù ni. A fi ìyìn fún gbogbo ẹ̀yà náà, ìyìn náà sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kì í gba owó ní báńkì, ẹ̀yà kì í ní opó. Ìbílẹ̀ kò ní ọ̀fun tí ó lè fi kọrin. Ẹnìkan ni ó kọ́kọ́ la ẹnu, ìyókù sì gbè é. Ẹni tí ó bá pe orin ní ti ìbílẹ̀ láìtíì wádìí, kò jí nǹkan kan. Ohun tí ó ṣe ni pé ó pa ìlẹ̀kùn dé kí ẹnikẹ́ni má baà lè wọlé wá bèèrè. Nítorí náà ìdáhùn tí mo ní sí ìbéèrè mi ni èyí: gbèsè wà níbẹ̀, àìbéèrè ni ó sì dá a sílẹ̀. Orúkọ náà wà lára àwo. Kò gbà ju kí ẹnìkan kọ lẹ́tà kan sí Johannesburg kí ó sì dúró de èsì rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ọ̀ràn yìí tí ó yà mí lẹ́nu púpọ̀, mo sì fẹ́ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé Léfítíkù mọ̀ nípa ọdún Júbélì: bí tálákà kan ní Ísírẹ́lì bá ta ilẹ̀ baba rẹ̀, títà náà kì í ṣe títà láéláé, nítorí nígbà tí ọdún 50 bá pé, ilẹ̀ náà yóò padà sọ́dọ̀ ìdílé rẹ̀. A kà á, a sì rò pé òfin ayé àtijọ́ ni, tí kò lè ṣẹlẹ̀ nínú ayé ìwé owó àti báńkì. Ṣùgbọ́n li ọdún 1911 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe òfin kan nítorí iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn tí ń ṣe orin. Òfin náà dé Gúúsù Áfíríkà, ó sì dé Nàìjíríà wa yìí, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1970. Nínú rẹ̀ ni a ti kọ ọ́ pé bí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ bá tilẹ̀ ti ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, nígbà tí ọdún 25 bá kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀tọ́ náà yóò padà sọ́dọ̀ àwọn ajogún rẹ̀, ohunkóhun tí ó wù kí ìwé tí ó fi ọwọ́ sí wí. Àwọn aṣòfin wọ̀nyí mọ ohun tí Mósè mọ̀: pé ẹni tí ebi ń pa lè ta ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó lè ta ti àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn.

Linda kú li ọdún 1962. Ẹ fi ọdún 25 kún un: 1987. Láti ọdún náà ni ogún ti padà sí ilé rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn. A fun fèrè Júbélì, àwọn tí a fun ún fún kò gbọ́ ọ. Ọdún 17 kọjá kí amòfin Owen Dean tó fi òfin àtijọ́ yìí gbé ẹjọ́ dìde li ọdún 2004, tí a fi pe ilé-iṣẹ́ Disney tí ó ni sinimá kìnnìún nì sí ilé-ẹjọ́ ní Gúúsù Áfíríkà. Kí Disney má baà wí pé òun kò gbé ní ilẹ̀ náà, ilé-ẹjọ́ gba ju 200 àmì òwò rẹ̀ dúró, títí kan eku olókìkí nì, Mickey Mouse. (Ẹ̀yin tí ẹ mọ òwe eku ju mí lọ, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún yín.) Ní oṣù kejì ọdún 2006 ọ̀ràn náà parí ní ìtùnbí-ìnùbí: a ó sanwó fún àwọn ajogún Linda fún èyí tí ó ti kọjá àti èyí tí ń bọ̀, a ó sì ka Linda pọ̀ mọ́ àwọn tí ó ṣe The Lion Sleeps Tonight.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti kú li ọdún 2001, kò rí i. Opó rẹ̀ pẹ̀lú ti lọ ṣáájú. Owó lè lọ sẹ́yìn san gbèsè ọdún 50, nítorí a lè kà á. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ bí a ti í dá orúkọ padà fún ẹni tí a ti sin láìní òkúta.

Àwọn kan nínú wa yóò wí pé ọ̀ràn àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, èmi kì bá tí kọ̀wé. Lóòótọ́, Alùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta lọ kọ orin rẹ̀ sí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù li ọdún 1922, a kò sì gbàgbé orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n Alùfáà ni, ó mọ ìwé, ìjọ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Mélòó ni àwọn tí ó ṣe orin tí a ń kọ ní ìkórè àti ní àjọ̀dún, tí wọn kì í ṣe Alùfáà?

Ní ìkórè ọdún kan, èmi ni wọ́n fi ìwé ètò ìsìn lé lọ́wọ́ láti tẹ̀. Orin kan wà tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá fẹ́ kọ, tí gbogbo ìjọ mọ̀, tí èmi pàápàá ti mọ̀ láti kékeré. N kò rí orúkọ tí mo lè kọ sí i, n kò sì bèèrè. Mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé: Orin ìbílẹ̀. Nígbà tí ìsìn parí, ìyá àgbà kan bá mi ní ẹnu ọ̀nà ilé ìfipamọ́ aṣọ, ó fi ọwọ́ kan di ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú, ó sì fi ọwọ́ kejì di ìwé ètò náà mú.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa," ni ó wí. "Ọmọ yìí ka ìwé yín fún mi. Ta ni ó ń jẹ́ Ìbílẹ̀?"

Mo rò pé ó ń ṣe àwàdà, mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá àwọn ọmọ mi ni ó ṣe orin yẹn, li ọdún tí òjò kò tètè rọ̀. Inú oko li ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbè é."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ gáfárà. Mo bi í pé, "Màmá, kí ni orúkọ Bàbá, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀?"

Nígbà náà ni òun náà tó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹnu tèmi ni ó yẹ kí ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, Tíṣà?"

Kò pè é, nítorí kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé rẹ̀. Ọmọdé tí ó dì mú kò mọ̀ ju Bàbá Àgbà lọ. Inú ìwé ìsìnkú ìjọ ni mo ti lọ wá a, li abẹ́ eruku, ó sì gbà mí ní ọ̀sán méjì kí n tó rí i.

Ní ìkórè tí ó tẹ̀lé e, orúkọ náà wà nínú ìwé ètò. Ọmọ náà kà á fún ìyá rẹ̀ àgbà níbi tí wọ́n jókòó sí, ó sì ní kí ó tún un kà. Orin 7 ni ó wà nínú ìwé náà tí a ti máa ń tẹ Orin ìbílẹ̀ sí lábẹ́. Mo ti rí orúkọ fún 3 nínú wọn. Lábẹ́ àwọn 4 tí ó kù mo fi àyè sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i, àwọn olórí ìjọ sì ti fún wa láyè láti tẹ ìbẹ̀rẹ̀ orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sí ojú ìwé ìròyìn yìí ní oṣù tí ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ẹni tí ó ṣe wọn, tàbí tí ó bá ní ìyá tàbí bàbá àgbà nílé tí ó lè mọ̀, kí ó jọ̀wọ́ bi wọ́n ní kíákíá, kí ó sì kọ̀wé sí wa.